Radial níwájú, cross-ply lẹ́yìn: ìtàn táyà méjì tí kò gbọdọ̀ ṣì pàdé

Àwọn àgbà ní ìka ò dọ́gba. Òótọ́ ni, àìdọ́gba ìka gan-an ló ń jẹ́ kí ọwọ́ lè di nǹkan mú dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọkọ̀ kì í ṣe ìka. Ìtàn tí a fẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí ni ti irú táyà méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dára láyè ara rẹ̀, àmọ́ tí wọ́n ń di ewu bí wọ́n bá pàdé lábẹ́ ọkọ̀ asáré kan náà.

Ní 1888, ní ìlú Belfast, oníṣègùn ẹran kan tó ń jẹ́ John Boyd Dunlop gba ìwé àṣẹ lórí táyà tó ń gba atẹ́gùn sínú. Orúkọ Dunlop yìí náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa gbọ́ nílé tí wọ́n fi ń pe sálúbàtà rọ́bà. Nígbà tí táyà dé ẹsẹ̀ mọ́tò, wọ́n ń fi okùn sínú rọ́bà rẹ̀ kó lè lágbára. Ṣe ni wọ́n ń to okùn náà ní ìpele-ìpele, tí ìpele kan ń dábùú èkejì bí ìgbà tí èèyàn ń hun ẹní. Èyí ni wọ́n ń pè ní cross-ply. Ó lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá ti tẹ̀, ojú tó ń tẹ ilẹ̀ náà á lọ́ pọ̀ mọ́ ọn.

Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Michelin nílẹ̀ Faransé ló tún ọ̀rọ̀ náà rò. Marius Mignol ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀ka ìtẹ̀wé ilé-iṣẹ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀ka ẹ̀rọ. Ó to okùn lọ tààrà láti etí táyà kan dé etí kejì, irin tín-ín-rín sì wà bí ìgbànú lábẹ́ ojú tó ń tẹ ilẹ̀. Michelin gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1946, wọ́n sì gbé e wọ ọjà ní 1949. Radial nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè tẹ̀ kí ojú rẹ̀ ṣì dúró pẹrẹsẹ lórí títì. Lancia Aurelia ti Ítálì wà lára àwọn ọkọ̀ asáré tó kọ́kọ́ lò ó.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn ló yí padà lọ́jọ́ kan náà. Nígbà tí Jaguar gbé E-Type jáde ní 1961, ọkọ̀ tí wọ́n polówó pé ó lè sá tó 240 kìlómítà ní wákàtí kan, cross-ply ti Dunlop ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, táyà méjèèjì jọ wà lọ́jà. Ẹni tí méjì bá jẹ lára mẹ́rin rẹ̀ lè fi owó ọwọ́ rẹ̀ ra radial méjì, kó sì gbé wọn síwájú, nítorí pé iwájú ni sìtárìn ń darí.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Bí ọkọ̀ bá ń yà ní kọ́nà, táyà gbọ́dọ̀ yẹ̀ díẹ̀ kúrò lójú ibi tí ọkọ̀ ń lọ kó tó di ilẹ̀ mú. Radial ò ní láti yẹ̀ púpọ̀. Cross-ply máa ń yẹ̀ jù ú lọ. Bí radial bá wà níwájú, iwájú á ti gbá kọ́nà mú nígbà tí ẹ̀yìn ṣì ń yọ̀ síta. Ìdí ọkọ̀ á fẹ́ gba iwájú lọ, ọkọ̀ á sì pòyì kí awakọ̀ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, pàápàá lórí títì tó tutù. Bí radial bá wà lẹ́yìn, iwájú ló máa kọ́kọ́ yọ̀. Awakọ̀ á mọ̀ ọ́n lára sìtárìn, ó sì lè rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná.

Òfin ọkọ̀ tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1986 tẹ̀ lé ìmọ̀ yìí. Ó ní ẹ ò gbọdọ̀ fi radial sí apá ọ̀tún kí ẹ fi cross-ply sí apá òsì lórí áàsìlì kan náà. Ó tún ní radial kò gbọdọ̀ wà níwájú kí cross-ply wà lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kò ka ìdàkejì rẹ̀ léèwọ̀. Ẹni tí kò mọ ìtàn yìí lè rò pé òfin náà kàn ń ṣe ojúsàájú ni.

Lónìí, àfi àwọn tó ń tọ́jú ọkọ̀ àtijọ́ ló sábà máa ń ra cross-ply fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Radial ti gba ọjà. Àmọ́ ìdàpọ̀ ò tíì tán: tòkunbọ̀ kan lónìí, tuntun méjì lóṣù tó ń bọ̀, èyí tó ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí kò tíì jẹ. Bí òjò bá rọ̀, ohun tó ń mú E-Type pòyì náà ló lè mú ọkọ̀ tí a fi ń lọ sílé pòyì. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti ń wa ọkọ̀ tiyín, bí owó bá mọ sórí táyà tuntun méjì, tí ẹni tó ń pààrọ̀ rẹ̀ bá bi yín pé iwájú ni àbí ẹ̀yìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó gbé wọn sẹ́yìn.