Ọ̀gbẹ̀rì, Dánàdánà àti Ọ̀bayòjẹ́: Orúkọ Àwọn Ọ̀tayò Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1997, ilé iṣẹ́ Origin Systems ní ìpínlẹ̀ Texas gbé géèmù kan jáde tí wọ́n pè ní Ultima Online. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló lè wà nínú ayé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kálukú nídìí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Èèyàn lè ṣe alágbẹ̀dẹ níbẹ̀, ó lè ránṣọ, ó lè pẹja, ó sì lè pa ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá pa ọ́, òkú rẹ á wà nílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ẹrù tó o rù, ìwọ fúnra rẹ á sì di ẹ̀mí òkú nínú aṣọ aláwọ̀ eérú. Ohunkóhun tó o bá fẹ́ sọ, “oOOo” ni àwọn alààyè ń rí kà. O máa dúró níbẹ̀, o máa wo ẹni tó pa ọ́ bó ṣe ń tú àpò rẹ, o ò sì ní lè bú u kó yé e.

Àwọ̀ orúkọ ẹni ni wọ́n fi ń mọ ìwà ẹni níbẹ̀. Bí orúkọ bá jẹ́ búlúù, aláìṣẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ eérú, ọ̀daràn tí ẹnikẹ́ni lè kọlù ni. Bó bá pupa, apànìyàn ni. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti pupa kò gbọdọ̀ sún mọ́ ìlú tó ní ẹ̀ṣọ́, torí bí ẹnì kan bá ti ké sí wọn, wọ́n á pa á lójú ẹsẹ̀.

Irú ayé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ orúkọ tí àwọn tó ń ta géèmù ń pe ara wọn ti gbilẹ̀: newbie, noob, griefer, carebear, camper, smurf. Àwọn ọmọ wa ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní London, ń ta àwọn géèmù wọ̀nyí. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń bú ara wọn, Gẹ̀ẹ́sì náà ni wọ́n fi ń gba èébú. Mo fẹ́ kí Yorùbá wà lẹ́nu wọn nídìí rẹ̀, àmọ́ mi ò fẹ́ ká kàn máa gbé ọ̀rọ̀ onílé sí ọ̀rọ̀ àlejò. Ìdájọ́ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan orúkọ wọ̀nyí. Ẹni tó ń ta géèmù lọ́nà kan ló sọ ẹni tó ń ta á lọ́nà mìíràn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè: kí lẹni yìí ṣe gan-an, ta ló sì ń pè é bẹ́ẹ̀?

Ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ìṣe ná. A máa ń gbá bọ́ọ̀lù, a máa ń ta ayò. Àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà ṣeré máa ń ní àwọn ń gbá géèmù, ó sì tọ̀nà, bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń rí níwájú wọn. Ṣùgbọ́n níbi tó bá ti jẹ́ pé ọgbọ́n ni olórí, tí alátakò náà jókòó síbì kan tó ń ro ohun tí ìwọ náà ń rò, “ta” ni mo fara mọ́, bí a ṣe ń ta ayò tí a sì ń ta lúdò. Ọ̀rọ̀ ayò fúnra rẹ̀ ti kúrò nídìí ọpọ́n tipẹ́. Àwọn oníròyìn eré ìdárayá ń pe góòlù ní àmì ayò lórí rédíò, kò sì sẹ́ni tó ń ṣi èyí gbọ́. Àwọn náà ló sọ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àti akọ́nimọ̀ọ́gbá di ohun tí ọmọ ilé ìwé ń sọ láìronú. Nítorí náà, ọ̀tayò ni mò ń pe ẹni tó ń ta géèmù.

Newbie ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Noob ti ara rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n noob lè ti pẹ́ níbẹ̀ ju ẹni tó ń bú u lọ. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kò mọ̀ ọ́n ta, kò sì fẹ́ mọ̀. Ẹni tó bá pe àwọn méjèèjì ní aláìmọ̀kan ti da nǹkan rú. Ìdí ọpọ́n ayò ti ní orúkọ fún èkejì: òpè. Ọ̀ta ni ẹni tó mọ ayò ta, òpè ni ẹni tí wọ́n ń nà láyò lójú gbogbo èèyàn, tí ọ̀ta ń pè é ní òpè sí etígbọ̀ọ́ rẹ̀, tí àwọn òǹwòran sì ń gbe ọ̀ta lẹ́sẹ̀. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mo mú ọ̀gbẹ̀rì. Ẹni tí wọn kò tíì fi awo mọ̀ ni ọ̀gbẹ̀rì, kò sì sí awo tí kò ṣe ọ̀gbẹ̀rì rí. Ipò téèyàn ń kúrò níbẹ̀ ni. Òpè ní tirẹ̀ lè darúgbó sínú òpè.

Ìyàtọ̀ yìí ń ṣiṣẹ́. Nínú EVE Online, géèmù ọkọ̀ àárín ìràwọ̀ tí ilé iṣẹ́ CCP ti orílẹ̀-èdè Iceland gbé jáde lọ́dún 2003, àwọn ọ̀tayò dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lọ́dún 2004 tí wọ́n pè ní EVE University. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí àwọn àgbà ọ̀tayò máa kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bí wọ́n ṣe ń tu ọkọ̀, bí wọ́n ṣe ń tajà, bí wọ́n ṣe ń sá lọ́wọ́ ọ̀tá. Ọ̀gbẹ̀rì ni irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gbà wọlé. Bí èdè kò bá ní ju òpè lọ, kò ní sí ohun tí wọ́n á pe akẹ́kọ̀ọ́ wọn tí kò ní jẹ́ èébú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo jù rèé. Ẹni tó ń pa ọ̀tayò mìíràn ni wọ́n ń pè ní PK. “Apànìyàn” ló yá láti sọ, mi ò sì fẹ́ ẹ. Ohun tí PK ń ṣe ní Ultima Online ni pé á lúgọ sẹ́nu ihò tí wọ́n ti ń wa kùsà, á pa awakùsà tó ń jáde bọ̀ pẹ̀lú ẹrù irin, á sì kó ẹrù náà lọ. Dánàdánà ni Yorùbá ń pe onítọ̀hún. Ẹrù ló ń wá. Òfin géèmù fàyè gbà á, òun náà sì ń forí la ewu: bí orúkọ rẹ̀ bá ti pupa, gbogbo ọ̀nà ló di ọ̀nà ewu fún òun náà.

Griefer kò wá ẹrù. Ìbànújẹ́ ẹlòmíràn lèrè tirẹ̀. Nínú EverQuest, tó jáde lọ́dún 1999, bí ara ọ̀tayò bá ti bà jẹ́ lójú ìjà, á jókòó sílẹ̀ títí okun á fi padà bọ̀ sí i. Àwọn kan wà tó máa ń lọ tọ́ agbo ẹranko abàmì, wọ́n á jẹ́ kí gbogbo wọn máa lé àwọn bọ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n á sì sá gba àárín àwọn tó jókòó wọ̀nyí kọjá, kí ẹranko lè ya bo àwọn yẹn. Èèyàn lè ṣèèṣì fa irú rẹ̀ nígbà tó ń sá àsálà. Griefer mọ̀ọ́mọ̀ fà á ni, kò sì sí kọ́bọ̀ kan tó máa wọlé fún un nídìí rẹ̀. Yorùbá ní ọ̀bayéjẹ́, ẹni tó ń ba ayé jẹ́. Mo fi ayò rọ́pò ayé níbẹ̀: ọ̀bayòjẹ́. Etí tó bá mọ èkíní máa gbọ́ èkejì láìsí àlàyé.

Kí ló dé tí mo fi tẹnu mọ́ ọn báyìí? Lọ́dún 2000, Origin pín ayé Ultima Online sí méjì, wọ́n sì fi orúkọ òṣùpá méjì inú ìtàn rẹ̀ pè wọ́n. Ní Felucca, wọ́n lè pa ọ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ní Trammel, ẹnikẹ́ni kò lè kọlù ọ́ àfi bí ìwọ náà bá gbà. Ọ̀pọ̀ ọ̀tayò kó lọ sí Trammel. Àwọn tí inú ń bí pè wọ́n ní Trammie, wọ́n ní ayò ti bàjẹ́. Lójú tèmi, dánàdánà ló san gbèsè tí ọ̀bayòjẹ́ jẹ. Ayé tí ọ̀nà rẹ̀ ní ewu máa ń dùn. Oníṣòwò tó bá gbé ẹrù dé ọjà láyọ̀ mọ̀ pé òun ti ṣe bẹbẹ. Èyí tó ń lé èèyàn sá ni ti ẹni tó ń dúró de ọ̀gbẹ̀rì tí kò ní nǹkan kan lápò, tó ń pa á, tó tún ń dúró kó jí dìde kó lè tún un pa. PK ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pe àwọn méjèèjì. Níbi tí orúkọ kò bá ti yàtọ̀, òfin á gé méjèèjì pọ̀.

Carebear wá ńkọ́? Àwọn béárì aláràbarà ọmọdé ni orúkọ yìí ti wá, Care Bears tí wọ́n kọ́kọ́ yà sórí káàdì ìkíni ní Amẹ́ríkà kó tó di nǹkan ìṣeré àti eré tẹlifíṣọ̀n láàárín àwọn ọdún 1980. Títúmọ̀ béárì kò ní yé ẹnikẹ́ni ní Òṣogbo. Ìwà ni ká wò. Nínú EVE, awakùsà kan wà tó rọra ń wa òkúta ní àgbègbè tí ọlọ́pàá CONCORD ń ṣọ́, kò bá ẹnikẹ́ni jà, owó rẹ̀ ló ń kà. Àwọn jagunjagun á dé pẹ̀lú ọkọ̀ pọ́ọ́kú, wọ́n á fọ́ ọkọ̀ olówó ńlá tirẹ̀, CONCORD á dé lẹ́yìn náà, á fọ́ tiwọn, wọn ò sì bìkítà, torí wọ́n ti ṣírò rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Awakùsà yìí ni wọ́n ń pè ní carebear. Ajẹbọ́tà ni! Ẹni tí wọ́n fi bọ́tà tọ́, tí ìyà kò tíì fọwọ́ bà. Ajẹpákó ló sì ń pè é bẹ́ẹ̀, nítorí náà ibi tí asọ̀rọ̀ dúró sí ti hàn nínú ọ̀rọ̀. Ó ń gúnni díẹ̀, síbẹ̀ ẹni tí wọ́n sọ ọ́ sí lè rẹ́rìn-ín, kó sì ní bẹ́ẹ̀ ni, ajẹbọ́tà lòun. Mi ò gba “ojo.” Ẹni tó ń gbé dúkìá rẹ̀ jáde lójoojúmọ́ síbi tí wọ́n ti lè fọ́ ọ kì í ṣe ojo. “Ọmọlúàbí” náà kò bá a mu, a ò lè tìtorí pé èèyàn kò jà ká fi oyè lé e lórí.

Richard Bartle ti rí apá kan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òun àti Roy Trubshaw ló kọ MUD ní Yunifásítì Essex, ayé géèmù tó jẹ́ ọ̀rọ̀ kíkọ látòkè délẹ̀, tí Trubshaw bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1978. Ní 1996, Bartle kọ àpilẹ̀kọ kan tó pín àwọn ọ̀tayò sí mẹ́rin nípa ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń wá. Tí mo bá fẹ́ sọ wọ́n ní Yorùbá: awọ́rọ̀ ń kó ìṣúra àti ipò jọ, awádìí ń tú kọ̀rọ̀ ayé náà wò, ọlọ́yàyà torí èèyàn wá, afítínà sì ń wá ẹni tó máa yọ lẹ́nu. Kò sí ọ̀ta, kò sí òpè nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn tó kù kò le. Alúgọ ni camper, ẹni tó ń sá pamọ́ sójú kan tó ń retí ẹni tó máa kọjá. Adáhunṣe ni ẹni tó ń wo ọgbẹ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sàn. Asà ni èyí tó ń dúró níwájú gba ìyà fún wọn. Nínú géèmù Dota, ẹnì kan wà tí kì í lágbára níbẹ̀rẹ̀, tí ikọ̀ ń ṣìkẹ́, tó sì jẹ́ pé òun ni gbogbo wọn á fẹ̀yìn tì nígbẹ̀yìn. Òpómúléró ni. Smurf ní ìtàn: ní nǹkan bí ọdún 1996, àwọn ọ̀ta méjì nínú Warcraft II rí i pé bí àwọn èèyàn bá ti rí orúkọ wọn, wọ́n á sá, ni wọ́n bá lọ sọ ara wọn ní PapaSmurf àti Smurfette kí wọ́n lè rí ẹni bá ta. Ọ̀ta adíbọ́n, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Toxic, orúkọ tí wọ́n ń pe ẹni tí ìwà rẹ̀ ń ni àwọn yòókù lára, ló fẹ́ ká rọra. Olóró àti onímájèlé máa ń sáré wá síni lẹ́nu, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ohun tónítọ̀hún ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi ṣe é ni, àbí ẹnu? Tó bá jẹ́ ẹnu, eléèébú ni. Nídìí ayò ọlọ́pọ́n, yẹ̀yẹ́ kì í tán, kò sì sẹ́ni tó ń bínú, torí ọmọ àdúgbò kan náà ni wọ́n, wọ́n á tún pàdé lọ́la. Bó bá ti kan ìyá ẹni, àwọn àgbà tó jókòó á ní ó tó. Nínú League of Legends, èèyàn mẹ́wàá tí kò mọ ara wọn rí ni wọ́n máa ń kó pọ̀, márùn-ún lápá kan, márùn-ún lápá kejì, tí ayò bá sì ti parí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má tún pàdé mọ́ láéláé. Kò sí àgbà kankan níbẹ̀. Riot Games, tó ni ín, gbìyànjú láti dá ìgbìmọ̀ àgbà sílẹ̀ lọ́dún 2011 pẹ̀lú ohun tí wọ́n pè ní Tribunal: àwọn ọ̀tayò á ka ohun tí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kọ, wọ́n á sì dìbò bóyá ó jẹ̀bi. Lọ́dún 2012 wọ́n dá Honor sílẹ̀, kí èèyàn lè yin ẹni tó bá a ta dáadáa. Wọ́n pa Tribunal tì ní 2014.

Ọ̀kan nínú ẹ̀sùn tí wọ́n ń fi kan èèyàn nínú League of Legends ni feeder, ẹni tó ń kú ṣáá tí agbára alátakò sì ń ti ibẹ̀ pọ̀ sí i. Abọ́ọ̀tá ni mo kọ́kọ́ rò. Ṣùgbọ́n a ti ní ọ̀ta nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ọmọ tó ń kọ̀wé lórí fóònù ló ń fi àmì sí ọ̀rọ̀. Ọ̀ta ayò àti ọ̀tá ogun á wọnú ara wọn. Abọ́látakò dára jù. Síbẹ̀, kò tíì tó. Ẹni tó ń kú torí pé kò tíì mọ ọ̀nà ń bọ́ alátakò, ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ń sáré lọ kú torí pé ó ń bá ikọ̀ rẹ̀ bínú náà ń bọ́ ọ. Iye ìgbà tí wọ́n kú lè dọ́gba. Èmi á fi abọ́látakò sílẹ̀ fún ìṣirò nìkan, màá pe èkíní ní ọ̀gbẹ̀rì, màá wá ẹni kọ́ ọ. Ọ̀bayòjẹ́ ni màá pe èkejì, ẹjọ́ tirẹ̀ ni kí wọ́n gbọ́.