Ohùn Dùrù: Ìjọ Ló Ni Ín, Àbí Ilé Ijó?

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó dá wa lóhùn.

Àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán láàárín àwa ọmọ ìjọ. Bí ọ̀dọ́ kan bá jókòó sídìí dùrù, tó ń fọwọ́ òsì tẹ bẹ́ẹ̀sì, tó sì ń fọwọ́ ọ̀tún dá oníwàásù lóhùn, àwọn àgbà kan á ní, "Ohùn ilé ọtí lọmọ yìí gbé wọlé Ọlọ́run." Àwọn mìíràn á ní rárá o, ìjọ ló ni ohùn náà, àwọn oníjáàsì ló wá jí i lọ. Ó dá kálukú lójú. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń tẹ dùrù ló sì ń jìyà rẹ̀. A ti rí èyí tí wọ́n lé kúrò nídìí ohun èlò, a ti rí èyí tó bínú fi ìjọ sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká bi ìtàn léèrè.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí Thomas Waller, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ tẹ dùrù sínú àwo jáàsì. Fats ni gbogbo ayé ń pè é, torí ó sanra. New York ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1904. Bàbá rẹ̀ máa ń wàásù ní ìgboro, ọmọ náà ló sì máa ń tẹ dùrù kékeré, irú èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí, bí wọ́n bá ń kọrin níbẹ̀. Nígbà tó dàgbà díẹ̀, ó lọ ń tẹ dùrù ní Lincoln Theatre ní Harlem, níbi tí wọ́n ti ń fi sinimá aláìlóhùn han èèyàn. Ibẹ̀ náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti wá jókòó tì í kó lè kọ́ dùrù. Count Basie ni a wá mọ̀ ọ́n sí lẹ́yìn náà.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1926, ilé iṣẹ́ Victor gba ohùn Waller sílẹ̀ lórí dùrù onípáìpù ní Camden, New Jersey. Ẹ mọ irú ilé tí wọ́n ti ṣe é? Ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi àtijọ́ ni. Victor ló rà á tó sọ ọ́ di ilé ìgbohùnsílẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan! Ọmọ oníwàásù, nínú ilé tí wọ́n kọ́ fún ìsìn, lórí dùrù, "St. Louis Blues" ló ń tẹ.

Iṣẹ́ náà ò sì rọrùn. Dùrù onípáìpù kì í tètè dáhùn. Bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé inú páìpù kí ohùn tó jáde. Jáàsì ò sì mọ ìdúró. Síbẹ̀, ẹ tẹ́tí sí àwọn àwo yẹn: ohùn náà ń jó.

Ẹni tó yí ọ̀rọ̀ dùrù padà kì í ṣe olórin rárá. Ẹlẹ́rọ ni Laurens Hammond, aago ló ń ṣe ní Chicago. Irú mọ́tò tó ń mú kí aago rẹ̀ máa yí déédéé, òun náà ló fi sínú dùrù tó gbé jáde lọ́dún 1935. Kẹ̀kẹ́ irin kéékèèké 91 ló ń yí nínú àpótí náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òòfà, iná mànàmáná tó ń tinú ìyíkiri yẹn jáde ló ń di ohùn. Ọ̀pá kéékèèké mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án wà níwájú atẹdùrù, tó lè fà jáde tàbí kó tì wọlé, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò tó ń fi iyọ̀ sí i.

Àwọn ìjọ ni Hammond fojú sùn gan-an, torí owó kékeré kọ́ ni dùrù onípáìpù, àyè tó ń gbà náà ò kéré. Ó polówó pé ohùn tòun ò yàtọ̀ sí ti onípáìpù. Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó òwò pè é lẹ́jọ́. Lọ́dún 1937, wọ́n dán méjèèjì wò nínú ilé ìsìn ńlá Yunifásítì Chicago, láìjẹ́ kí àwọn tó ń gbọ́ mọ èyí tó ń dún. Àwọn olórin gan-an ṣì í tó bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Síbẹ̀, lọ́dún 1938, àjọ náà ní kó dẹ́kun díẹ̀ nínú ìpolówó yẹn. Torí náà, orúkọ tí dùrù Hammond kọ́kọ́ ní ni ayédèrú dùrù ṣọ́ọ̀ṣì.

Ta wá ni ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú orin ìjọ àwọn aláwọ̀ dúdú? Oníjáàsì ni! Kenneth Morris, ọmọ New York, bá ẹgbẹ́ onílù jáàsì wá sí Chicago lọ́dún 1934, lásìkò ìpàtẹ àgbáyé tó wà níbẹ̀. Àìsàn dá a dúró, ló bá di ará ibẹ̀. Lọ́dún 1939, òun ló jókòó sídìí dùrù Hammond tí First Church of Deliverance gbé wọlé. Ìsìn ìjọ yẹn máa ń lọ lórí rédíò, ohùn náà ò sì pẹ́ tó fi tàn káàkiri.

Lásìkò kan náà, ọmọ Yorùbá kan wà ní London tó ń rin ọ̀nà méjèèjì. Fẹlá Ṣówándé, ọmọ àlùfáà Áńgílíkà, kọ́ dùrù lọ́dọ̀ Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips ní Kàtídírà tó wà ní Marina, l'Ékòó. Ó ti ń bá ẹgbẹ́ jáàsì ṣeré nílé kó tó rìnrìn àjò ní àárín àwọn ọdún 1930. Ní London, ó bá Fats Waller tẹ píánò, ó sì tẹ dùrù fún Adelaide Hall, akọrin jáàsì ọmọ Amẹ́ríkà, títí kan nínú àwo tí wọ́n jọ ṣe fún Decca. Ọkùnrin yìí kan náà ló gba oyè ńlá ti Royal College of Organists lọ́dún 1943, òun náà ló di atẹdùrù àti olórí akọrin ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Kingsway Hall. Ó fi ohùn orin Yorùbá kọ iṣẹ́ dùrù bí "Ọbangíjì" àti "Oyígíyigì." Ta ló fẹ́ sọ fún wa pé ọwọ́ tó tẹ jáàsì ò lè tẹ orin mímọ́?

Ẹ jẹ́ ká padà sí Amẹ́ríkà, torí ibẹ̀ ni ohùn náà ti wá gbó. Don Leslie, ará California, ò fẹ́ràn bí Hammond ṣe ń dún. Ó ṣe àpótí sípíkà kan tí inú rẹ̀ ń yí, tí ohùn fi ń gbọ̀n rìrì bí ohùn èèyàn. Ó gbé e lọ bá Hammond, Hammond ní òun ò fẹ́. Àwọn atẹdùrù fẹ́ ẹ ní tiwọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ohùn "ta" kékeré tó ń ta jáde bí ìka bá ṣe ń kàn án: àbùkù ni àwọn ẹlẹ́rọ kà á sí, adùn ni àwọn oníjáàsì kà á sí.

Wild Bill Davis ni ó kọ́kọ́ fi han ọ̀pọ̀ èèyàn pé Hammond kan ṣoṣo lè dún bí odindi ẹgbẹ́ onífèrè. Jimmy Smith, atẹpíánò ọmọ Norristown ní Pennsylvania, gbọ́ ọ. Ó ra tirẹ̀, ó gbé e sínú ilé ìkẹ́rùsí kan ní Philadelphia, ó sì ń dá kọ́ ọ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Lọ́dún 1956, ilé iṣẹ́ Blue Note gbé àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Ó fa ọ̀pá mẹ́ta àkọ́kọ́ jáde pátápátá, ó ti ìyókù. Ọwọ́ òsì ń rìn bí bẹ́ẹ̀sì, ẹsẹ̀ ń kan pẹ́dàlì díẹ̀díẹ̀ kó lè wúwo, ọwọ́ ọ̀tún ń sọ̀rọ̀ kíákíá bí fèrè. Látìgbà yẹn, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní ohùn dùrù jáàsì nìyẹn.

Kó má baà dà bíi pé ó rọrùn: B-3 tó ń tẹ̀, pẹ̀lú ìjókòó àti pẹ́dàlì, lé ní 180 kìlógíráàmù. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé òkú ni Smith fi ń gbé e kiri.

Orúkọ rere ò yá bọ̀rọ̀. Ní ilé ọtí àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní Philadelphia, Newark àti Harlem, dùrù, gìtá tàbí sasofóònù, àti ìlù ti tó, torí atẹdùrù ti fara rẹ̀ ṣe oníbẹ́ẹ̀sì. Àwọn èèyàn ń ṣẹ́ wọlé. Ṣùgbọ́n àwọn alárìíwísí jáàsì kan ń yínmú: wọ́n ní ó ti pariwo jù, pé ó ń wá ìdùnnú èrò jù, pé ó ń rùn bíi ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ gbọ́ o! Nínú ìjọ, wọ́n ní ó ń rùn bí ilé ọtí. Lọ́dọ̀ onímọ̀ jáàsì, ó ń rùn bíi ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ tí ilé bàbá ń lé, tí ilé ìyá náà ń lé.

Smith ò tìjú ìhà kankan. Ó pe àwo kan ní "The Sermon!", ìyẹn ìwàásù. Orin tó jẹ́ orúkọ yẹn gùn tó ogún ìṣẹ́jú, olúkúlùkù ń dìde sọ tirẹ̀ bí ẹni ń jẹ́rìí, dùrù ń gbe wọ́n lẹ́sẹ̀ láìbo ohùn ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Shirley Scott, tí wọ́n ń pè ní ọbabìnrin dùrù, àti Larry Young, tí àwo rẹ̀ "Unity" tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́dún 1965 pa àwọn tó ní dùrù ò lè ronú jinlẹ̀ lẹ́nu mọ́.

Ẹ̀yin ará, kí la rí kọ́? Ohùn yìí ò gba ọ̀nà kan wọ ọjà. Láti ìsìn ìgboro dé ilé sinimá, láti ẹgbẹ́ jáàsì dé pẹpẹ, láti pẹpẹ padà sí ilé ijó, ó ti lọ, ó ti bọ̀, kò sẹ́ni tó lè dá a pín mọ́. Nínú Bíbélì Yorùbá wa pàápàá, dùrù Dáfídì, olókùn ni. Àwa la mú orúkọ náà fún ti páìpù àti ti iná. Ọba Sọ́ọ̀lù ò béèrè ibi tí igi dùrù ti wá. Ìtura ló ń wá.

Nítorí náà, ẹ̀yin pásítọ̀ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ má lé ọmọ torí pé ọwọ́ rẹ̀ jọ ti oníjáàsì. Ohun tó yẹ ká bi í ni pé: ṣé ó ń gbọ́ oníwàásù? Ṣé ohùn rẹ̀ ń gbé orin ìjọ ró, àbí ó ń bò ó mọ́lẹ̀? Ta ló ń fi sìn? Ẹ̀yin ọ̀dọ́ náà, ẹ má fi ìtàn yìí ṣe àwáwí. Ẹ rántí ilé ìkẹ́rùsí Philadelphia yẹn. Ẹ lọ jókòó, kẹ́ ẹ kọ́ ọ.

Bí atẹdùrù bá wà ní ìjọ yín, ẹ kọ ìkíni kan fún un sísàlẹ̀ yìí lónìí. Olúwa á fi òróró kún ọwọ́ wọn. Àlàáfíà fún gbogbo yín.