Alfasud Lọ́wọ́ Ẹni Tó Rà Á Ní Àlòkù

Orúkọ Alfasud kò fi ibi tí ọkọ̀ náà ti wá pamọ́, nítorí sud ni àwọn ará Ítálì ń pe gúúsù. Ṣáájú rẹ̀, ọkọ̀ àríwá ni ọkọ̀ Alfa Romeo. Milan ni wọ́n ti dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1910, ibẹ̀ ló sì ti gba òkìkí nípa irú ọkọ̀ kan: ọkọ̀ onílẹ̀kùn mẹ́rin tí baba, ìyá àti ọmọ lè wọ̀ lọ sí ọjà, ṣùgbọ́n tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń fẹ́ eré bí ti ọkọ̀ ìdíje. Giulia tí wọ́n gbé jáde ní 1962 gbayì débi pé àwọn ọlọ́pàá Ítálì fi í lépa ọ̀daràn. Alfasud ni ìgbìyànjú láti mú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dé ọwọ́ ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Ó dé ọwọ́ wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni kò gbà á ní tuntun.

Ọ̀rọ̀ ìṣèlú ló bí i. Láti 1933 ni Alfa Romeo ti wà lábẹ́ IRI, àjọ ìjọba Ítálì, ojú ìjọba náà sì wà lára gúúsù, níbi tí àìríṣẹ́ṣe ti ń lé àwọn ọ̀dọ́ lọ sí Milan, Turin àti Jámánì. Ní 1968, Aldo Moro, olórí ìjọba ìgbà náà, fi ìpìlẹ̀ iléeṣẹ́ tuntun lélẹ̀ ní Pomigliano d'Arco nítòsí Naples. Rudolf Hruska, ẹnjiníà ọmọ Austria tó ti bá Ferdinand Porsche ṣiṣẹ́ rí, ni wọ́n fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Giorgetto Giugiaro ló ya àwòrán ara ọkọ̀. Wọ́n fi í han gbogbo ayé ní Turin ní 1971, títà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní 1972.

Hruska tẹ́ ẹ́ńjìnnì náà sílẹ̀: písítìnnì méjì kọjú sí ọ̀tún, méjì kọjú sí òsì, wọ́n dùbúlẹ̀ dípò kí wọ́n dúró. Ìwúwo ọkọ̀ rọ̀ sísàlẹ̀, kì í sì í fì púpọ̀ bó bá ń yà ní kọ́nà. Cc 1186 péré ni ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́, agbára ẹṣin 63 ló ní, síbẹ̀ ọkọ̀ tó tóbi jù ú lọ kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ́wọ́ mú níwájú rẹ̀ lójú ọ̀nà tó kọ́ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀. Bíréèkì díìsì wà ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ohun tí kò wọ́pọ̀ lára ọkọ̀ kékeré ìgbà náà.

Ìpáàrà ni ọ̀tá rẹ̀. Ní ilẹ̀ Bìrìtéènì, níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín má baà dì, ọkọ̀ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún lè ti lu lábẹ́. Yorùbá ń pe ọkọ̀ àlòkù tó ti òkè òkun wá ní tòkunbọ̀. Alfasud ilẹ̀ Bìrìtéènì náà la òkun kọjá kó tó débẹ̀, ṣùgbọ́n iyọ̀ ojú títì ló pa á, kì í ṣe ti inú òkun. Àyẹ̀wò MOT, tí òfin sọ di dandan lọ́dọọdún fún ọkọ̀ tó bá ti lé ní ọdún mẹ́ta, kì í gba ọkọ̀ tí irin tó gbé e ró ti jẹrà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì tó ṣì ń kọrin ṣe ń bá ara tó ti dógùn-ún lọ sí ààtàn irin. Iye owó rẹ̀ wálẹ̀, ẹni tí kò lè ra tuntun sì rí i rà.

Ìtàn kan gbilẹ̀ lórí ohun tó fa ìpáàrà yìí: pé irin tí Soviet fi san owó iléeṣẹ́ tí Fiat bá wọn kọ́ sí Togliatti ni wọ́n fi ṣe Alfasud. Ìtàn náà dùn-ún sọ, ẹ̀rí ni kò tì í lẹ́yìn. Ohun tí ẹni tó bá tú ọkọ̀ náà palẹ̀ ń rí yàtọ̀: fóòmù tí wọ́n fi kún inú òpó ara ọkọ̀ ń fa omi mu, ó sì ń pa á mọ́ síbẹ̀ títí irin yóò fi jẹ láti inú wá. Ìyanṣẹ́lódì tún pọ̀ ní Pomigliano, ìyẹn sì máa ń dá iṣẹ́ dúró nígbà tí ara ọkọ̀ kò tíì gba ọ̀dà. Àwọn kan ti fi èyí bú àwọn òṣìṣẹ́ gúúsù pé ọwọ́ àgbẹ̀ kò mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ẹjọ́ náà kò tọ́. Lancia, iléeṣẹ́ Turin ní àríwá, rí ìtìjú tirẹ̀ ní 1980, nígbà tó ní láti ra Beta padà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà ní Bìrìtéènì nítorí irin ìsàlẹ̀ tó gbé ẹ́ńjìnnì ró ti jẹrà.

Nítorí náà, ẹni tó bá lọ ra Alfasud kì í kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì. Òkèèrè lẹ̀yẹ ń yẹ Ìfọ́n. Yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ gíláàsì iwájú àti etí ibi tí táyà wà. Yóò gbé òòfà lé ara ọkọ̀, nítorí òòfà kì í lẹ̀ mọ́ ohun tí wọ́n fi dí ihò kí wọ́n tó fi ọ̀dà bò ó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò béèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì tó ń darí ẹ́ńjìnnì, nítorí méjì ni, ọ̀kan fún apá kọ̀ọ̀kan.

Bó bá rà á tán, ìnáwó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Bíréèkì iwájú kò sí létí táyà. Inú lọ́hùn-ún ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà, bíréèkì ọwọ́ sì so mọ́ ọn níbẹ̀, nítorí náà mẹkáníìkì tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò pẹ́ lórí rẹ̀. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Àǹfààní kan wà: Alfa 33, tó rọ́pò rẹ̀ ní 1983, lo irú ẹ́ńjìnnì kan náà, ọ̀pọ̀ ẹ̀yà rẹ̀ sì bá Alfasud mu. Ara ọkọ̀ ló ṣòro. Iléeṣẹ́ kò tẹ páànù rẹ̀ mọ́. Wẹ́dà ló ń gé irin tuntun tó ń tò ó mọ́ èyí tó kù, ìnáwó náà sì lè ju iye tí wọ́n ra ọkọ̀ lọ.

Fiat ra Alfa Romeo lọ́wọ́ ìjọba ní 1986, Ford náà sì ti ń dù ú. Nínú Alfasud tó lé ní 800,000 tó ti Pomigliano jáde, díẹ̀ ló kù, ọwọ́ irú àwọn olùrà wọ̀nyí ni púpọ̀ nínú wọn sì wà. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2018, òfin Bìrìtéènì kò fi dandan mú ọkọ̀ tó ti lé ní 40 ọdún, tí wọn kò yí padà púpọ̀, láti ṣe MOT mọ́. Ìpáàrà tó wà nínú òpó wọn kò tún ní aláyẹ̀wò tó gbọ́dọ̀ wá a lọ́dọọdún, àfi ẹni tó ni ọkọ̀.