Oníbodè Inú Ètò Kọ̀ǹpútà

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ń wọ ìlú, ẹnu ibodè ni yóò ti máa ṣọ́ ọ, kì í ṣe láti ilé dé ilé. Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà fi bí ogún ọdún wá kiri.

Ohun tí ó ń dà wọ́n láàmú ni pé nínú ètò ńlá, àyè kan ṣoṣo ni iye owó tí ó kù sí àkáǹtì oníbàárà máa ń wà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlà àṣẹ ni ó lè kọ iye tuntun síbẹ̀. Bí iye náà bá ṣì, ta ni ó ṣì í kọ? Bí wọ́n bá sì kọ àṣẹ ìṣọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n bá gbàgbé ni àṣìṣe yóò gbà wọlé.

Ní 1983, ní ilé ìwádìí Xerox ní Palo Alto, ní ìpínlẹ̀ California, Daniel Bobrow àti Mark Stefik gbé ìwé ìlànà LOOPS jáde. Nínú LOOPS, a lè so àṣẹ mọ́ àyè kan, tí ó fi jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá ti fi iye tuntun síbẹ̀, àṣẹ náà yóò jí ṣiṣẹ́. Ní 1991, Bobrow, Gregor Kiczales àti Jim des Rivières kọ ìwé tí ó fi han àwọn tí ń lo èdè Lisp bí wọ́n ṣe lè tún ìlànà ìfi-iye-sáyè pàápàá ṣe. Ní 1997, ní àpérò kan ní Jyväskylä, ní Finland, Kiczales àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dábàá pé kí ohun tí ó bá kan gbogbo ẹ̀ka ètò, bí ìṣọ́ àti àkọsílẹ̀, ní àyè tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Èso àbá náà ni AspectJ, tí wọ́n ṣe fún èdè Java, ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ jáde ní 2001. Gbólóhùn kan ni oníṣẹ́ yóò fi dárúkọ àyè tí ó fẹ́ ṣọ́. Oníbodè lè dúró ṣáájú ìfisí tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ó sì lè dá iye náà dúró, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó yí i padà, tàbí kí ó kọ̀ ọ́.

Àríyànjiyàn kò ṣàì dé. Ní 2000, Robert Filman àti Daniel Friedman sọ pé lára àmì tí a fi ń dá ọgbọ́n yìí mọ̀ ni pé ẹni tí ó kọ ìlà àṣẹ kò ní láti mọ̀ pé wọ́n ń ṣọ́ ọ. Ohun tí àwọn kan ń yìn nìyẹn. Ohun tí àwọn mìíràn ń bẹ̀rù náà nìyẹn, nítorí ẹni tí ó bá ka ìlà náà yóò rò pé òun ti mọ gbogbo ohun tí ó ń ṣe.

Ààlà sì wà fún oníbodè. Ibi tí a kọ àṣẹ ìfisí sí gan-an ni AspectJ ń hun ìṣọ́ rẹ̀ mọ́. Kíláàsì tí a kò bá hun, ọ̀nà ìgbẹ́ ni. Nítorí náà, ibodè kò lè ṣe iṣẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹni tí ó ní ohun iyebíye nílé ní láti kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn rẹ̀, kí kíláàsì kan ṣoṣo ní àṣẹ láti yí iye náà padà, kí ó tó gbára lé oníbodè.