Ìgbín Òkun Ìlú Monterey

Kí ìgbín òkun tí òyìnbó ń pè ní abalone, ẹlẹ́sẹ̀ kan tí ń fi àpáta ṣe ilé, tó di oúnjẹ ọlọ́lá ní California, àwọn ọmọ onílẹ̀, ìran Ohlone àti Chumash, ti ń jẹ ẹran rẹ̀ láti ayébáyé, wọ́n sì ń fi ìkarahun rẹ̀ tí ń dán yinrin ṣe ọ̀ṣọ́ sára. Àwọn ará Ṣáínà tí wọ́n tẹ̀dó sí Point Alones ní Monterey láàárín ọdún 1850 sí 1859 ni wọ́n sọ ọ́ di ọjà ńlá: wọn a sè é, wọn a sá a títí yóò fi gbẹ, wọn a sì dì í ránṣẹ́ sí ilé. Òyìnbó àdúgbò kò ka ẹran náà sí nígbà náà. Òórùn ohun tí wọ́n ń sá ni ó di ẹ̀sùn sí wọn lọ́rùn; ní oṣù karùn-ún ọdún 1906, iná jó abúlé náà, àwọn tí ó ni ilẹ̀ kò sì gbà kí wọ́n tún un kọ́.

Gennosuke Kodani ti dé sí Point Lobos láti Jàpáánì ṣáájú ìgbà náà, pẹ̀lú àwọn òmùwẹ̀ ìlú rẹ̀, láti kó ìgbín òkun yìí. Nígbà tí òtútù omi náà kọjá ohun tí ara lè gbà, wọ́n dé akoto irin, wọ́n ń mí afẹ́fẹ́ tí a ń fẹ́ sí wọn láti inú ọkọ̀, wọ́n sì dé ibú.

Ẹni tí ó mú òyìnbó fẹnu kàn án ni Ernest Doelter, ọmọ Jámánì tí ó ní ilé oúnjẹ ní Monterey. Bí a bá gbé ẹran yìí ka iná bí ó ti wà, yóò yi bí awọ. A ó fi irin pẹlẹbẹ yọ ọ́ nínú ìkarahun, a ó gé ìfun rẹ̀ sọnù, a ó bó etí rẹ̀ dúdú, a ó rẹ́ ẹ pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, lẹ́yìn náà ni a ó fi òòlù igi lù ú jẹ́jẹ́ títí iṣan rẹ̀ yóò fi dẹ̀, láìjẹ́ kí ó fàya. Doelter a rì í sínú ẹyin, a yí i nínú ẹ̀rúnrún búrẹ́dì, a sì dín in nínú bọ́tà. Ẹ̀gbẹ́ kan kò gbọdọ̀ pẹ́ tó ìṣẹ́jú kan, nítorí bí iná bá pẹ́ lára rẹ̀, gbogbo lílù náà di asán. Ọgbọ́n ńlá ni, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n àwọn tí abúlé wọn jóná ti mọ iyì ẹran náà ṣáájú rẹ̀, ó sì dùn mí pé orúkọ wọn kì í sí lẹ́nu àwọn tí ń jẹ ẹ́.

Láti ìgbà náà ni òòlù kò ti sinmi nílé ìdáná. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé: kíkó láìdábọ̀, àti àrùn tí ń mú un rù, dín in kù débi pé ìjọba fi òfin de kíkó o tà ní 1997; ní 2018, a dá àwọn tí ń wẹ̀ mú tiwọn ní àríwá dúró pẹ̀lú. Ọ̀sìn ni èyí tí ń wọ ìkòkò lónìí. Abẹ́ èbúté Monterey gan-an ni a ti ń fi ewéko òkun bọ́ àwọn kan, wọ́n kéré ju ti àtijọ́ lọ, wọn kò sì fẹ́ lílù púpọ̀.