Ta Ni Yóò Jogún Lápàdé?

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní Àgọ́-Ìwòyè a máa bi mí pé: nígbà tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ti papò dà ní 2019, ta ni kí ó máa bá ìtàn Lápàdé lọ? Inú Àjà Ló Lẹrù (1969) ni Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀, ti kọ́kọ́ jáde. Ó tún fara hàn nínú Àgbàlagbà Akàn (1971).

Wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ rí ní Sweden. Stieg Larsson kú ní 2004, kí ìwé ọ̀daràn rẹ̀ mẹ́ta tó jáde. Kò fi ìwé ìpíngún tó bófin mu sílẹ̀; bàbá àti àbúrò rẹ̀ ló jogún. Wọ́n yọ̀ǹda fún David Lagercrantz, ó sì kọ mẹ́ta sí i láàárín 2015 sí 2019. Eva Gabrielsson, tí òun àti olóògbé ti jọ ń gbé, ta kò ó.

Nílé wa, òfin 2022 dáàbò bo iṣẹ́ òǹkọ̀wé fún ọdún 70 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Títí di òpin 2089, ẹni tó bá fẹ́ kọ Lápàdé ní láti tọrọ àyè.

Ṣùgbọ́n òfin lè yọ̀ǹda orúkọ. Kò lè yọ̀ǹda ẹnu. Òwe àti ẹ̀fẹ̀ ará Ọ̀yọ́ ni adùn ìwé wọ̀nyí. Bí ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó bá yá ẹnu náà lò, òǹkàwé yóò fura. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ ka Lápàdé dáadáa, kí ẹ wá dá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tiyín sílẹ̀: ẹni tí yóò tọpasẹ̀ olè gẹdú nínú igbó Ìjẹ̀bú-Igbó, tàbí onífàyàwọ́ lórí omi Ogun Waterside, tí yóò sì máa fi ẹ̀ka-èdè Ìjẹ̀bú ṣàwàdà. Ogún ni ìyẹn náà.