Ojú Fèrèsé Ilé Wa, Láti Ìgbà Àtijọ́ Títí Di Òní

Bí ènìyàn bá ń rìn ní àárín ìlú Ṣábẹ̀, láti ibùdó ọkọ̀ ojú irin lọ sí ẹsẹ̀ òkè, yóò rí oríṣi fèrèsé mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní àdúgbò kan ṣoṣo. Ilé alámọ̀ kan ní ihò kékeré lára ògiri. Ilé kejì ní fèrèsé onípákó tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí. Ilé kẹta ní àwọn abala dígí tí a ń pè ní nákò. Ilé tuntun ní dígí ńlá tí ó ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ nínú irin funfun. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Kétu, ní Pọ̀bẹ́ àti ní Sákété.

Àwọn fèrèsé wọ̀nyí dà bí ìwé ìtàn. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kà yóò mọ ìgbà tí a kọ́ ilé, àti irú owó tí ó wà lọ́wọ́ onílé nígbà náà. Ṣùgbọ́n lóde òní, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yọ fèrèsé onípákó dànù, wọ́n ń fi í dáná. Kí a tó ṣe bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a mọ ohun tí a ń sọnù.

Ní ayé àwọn baba ńlá wa

Ní ayé àtijọ́, ilé Nàgó kì í wo òde. Àgbàlá ni ó ń wò. Wọ́n máa ń kọ́ yàrá yí àgbàlá ká, wọ́n á sì kọjú ilẹ̀kùn gbogbo sí àárín. Láti àgbàlá ni ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ti ń wọlé. Ògiri amọ̀ nípọn, koríko sì bo orí ilé, nítorí náà inú yàrá a máa tutù bí oòrùn tilẹ̀ mú. Wọ́n ń fi ẹní tàbí pákó dí ẹnu ọ̀nà. Bí ihò bá wà lára ògiri, ó kéré, ó sì ga.

Ìdí kan wà fún èyí. Ayé ogun ni. Ní ọdún 1886, ogun Ọba Glẹ̀lẹ́ ti Dànhọ̀mẹ̀ fọ́ ìlú Kétu, ó sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ. Ọdún 1894 ni wọ́n padà wá tún ìlú náà dó. Títí di òní, àwọn àlejò ń lọ wo Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè Kétu, pẹ̀lú ilẹ̀kùn ńlá rẹ̀. Ní irú ayé bẹ́ẹ̀, ta ni yóò la ojú ńlá sí ara ògiri tí ó kọjú sí òde? Ilẹ̀kùn ni àwọn baba wa ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, kì í ṣe fèrèsé.

Àwọn Àgùdà mú ọgbọ́n tuntun wá

Ní oṣù kìíní ọdún 1835, àwọn ẹrú Mùsùlùmí, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá, dìde ogun ní ìlú Bahia ní Bùràsíìlì. Wọ́n ṣẹ́gun wọn. Lẹ́yìn èyí, ìjọba ibẹ̀ lé àwọn kan padà sí Áfíríkà, àwọn mìíràn sì fi owó ara wọn padà. Wọ́n dó sí Èkó, Àjàṣẹ́ àti Wídà. Àwọn ni a ń pè ní Àgùdà.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà. Ọwọ́ wọn ni ilé alájà, fèrèsé gíga àti òdòdó ara ògiri ti di ohun tí a mọ̀ ní ilẹ̀ wa. Ní Èkó, João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú wọn, ni ó kọ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894. Mọ́ṣáláṣí ńlá àtijọ́ ti Àjàṣẹ́ náà jẹ́ iṣẹ́ irú ọwọ́ wọn. Kódà ọ̀rọ̀ wa, "fèrèsé", jọ ọ̀rọ̀ Pọtugí kan, "fresta", tí ó túmọ̀ sí àlàfo tóóró tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé.

Àwọn ni ó kọ́ wa ní fèrèsé onípákó tí a to pákó pẹlẹbẹ sí lára, ọ̀kan lórí èkejì, tí gbogbo wọn sì dagun sí ìsàlẹ̀. Àwọn Faransé ń pè é ní "persienne", ìyẹn ni ti ilẹ̀ Páṣíà. Orúkọ mìíràn tí wọ́n ní fún irú rẹ̀ ni "jalousie", tí ó túmọ̀ sí owú, nítorí pé ẹni tí ó wà nínú ilé lè rí ará òde, ará òde kò sì lè rí i. Àwọn Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn fi orúkọ ìlú Fẹ́nísì pe oríṣi kan tí okùn ń gbé sókè sódò. Ní ọdún 1769, ará Lọ́ńdọ̀nù kan, Edward Beran, gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀.

Àwọn Faransé àti ọkọ̀ ojú irin

Ní ọdún 1900, àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú irin lélẹ̀ láti Kútọnu. Ó dé Ṣábẹ̀ kí ogun 1914 tó bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì parí sí fún ọdún pípẹ́. Ọdún 1936 ni ó tó dé Parakou. Ọ̀nà mìíràn lọ láti Àjàṣẹ́, ó gba Sákété dé Pọ̀bẹ́. Ojú irin yìí ń gbé páánù, ìṣó, sìmẹ́ńtì àti ọ̀dà wá, ó sì ń gbé àgbàdo, òwú àti ekùrọ́ lọ. Bí páánù ti ń rọ́pò koríko, bẹ́ẹ̀ ni ilé ń gbóná sí i. Nígbà náà ni fèrèsé wá di dandan.

Àwọn òyìnbó pẹ̀lú mọ̀ pé ooru kò ṣe é fi ṣeré. Ọ̀ọ̀dẹ̀ àti fèrèsé onípákó ni wọ́n fi sí ilé iṣẹ́ wọn. Àwọn ọlọ́jà, olùkọ́ àti akọ̀wé tí wọ́n rí èyí ṣe bẹ́ẹ̀ sí ilé tiwọn. Àwọn káfíńtà wa fi igi ìrókò àti igi tíìkì ṣe é. Igi tí ó le ni wọ́n, ikán kì í tètè jẹ wọ́n. Ìdí nìyí tí fèrèsé tí bàbá àgbà ṣe fi wà síbẹ̀ lónìí.

Nákò, dígí àti owó tí ó já

Lẹ́yìn òmìnira tí a gbà ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1960, nákò wọ̀lú. Orúkọ ọjà ni nákò, ṣùgbọ́n ó ti di orúkọ ohun náà fúnra rẹ̀. Ó dára: bí a bá ṣí i, afẹ́fẹ́ ń wọlé dáadáa. Ṣùgbọ́n oòrùn ń gba inú dígí kọjá, ẹ̀fọn sì ń gba àlàfo rẹ̀ wọlé. Nítorí náà ni a fi ń ta aṣọ tí a ń pè ní rìdó sí i. Èyí tí ó tẹ̀ lé e ni dígí tí ń yọ̀. Ó rẹwà, àmọ́ bí a bá ṣí i tán, ìdajì rẹ̀ péré ni ó ṣí, nítorí abala kan á máa bo èkejì.

Nígbà tí ó di oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n já owó sẹ́fà sí méjì. Ṣáájú ìgbà náà, 50 fáràn sẹ́fà ni fáràn Faransé kan. Lẹ́yìn rẹ̀, ó di 100. Ohun tí a ń fi 5.000 fáràn rà láti ilẹ̀ Faransé wá di 10.000 lójijì, owó oṣù òṣìṣẹ́ kò sì di méjì. Ọ̀pọ̀ onílé ló rí i nígbà náà pé ohun tí ó wà lára ògiri wọn ṣe é tún ṣe. Ẹ̀kọ́ yìí kò tíì gbó. Àwọn àgbà ní, bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ṣùgbọ́n ní ọ̀rọ̀ fèrèsé, òòbẹ̀ tí ó wà lọ́wọ́ wa lè dára ju àdán ọjà lọ.

Bí a ṣe lè sọ ti àtijọ́ di tuntun

Ẹ jẹ́ kí a wo ọgbọ́n tí kò ní í náni lówó púpọ̀.

Èkíní, ẹ yọ fèrèsé onípákó náà, kí ẹ fi ọṣẹ àti kàn-ìn-kàn-ìn fọ̀ ọ́, kí ẹ sá a sí ibòji. Bí pákó pẹlẹbẹ kan bá ṣẹ́, ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ káfíńtà. Àjákù pákó tí kò wúlò fún un mọ́ lè tó.

Èkejì, bí ẹ bá fẹ́ ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò, ẹ kọ́kọ́ fi omi rin ín. Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà ayé àtijọ́, eruku rẹ̀ sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ẹ bo imú, ẹ lé àwọn ọmọ jìnnà, kí ẹ gbá ohun tí ó bọ́ sílẹ̀ mọ́. Ẹ má ṣe fi igi tí ọ̀dà wà lára rẹ̀ dáná oúnjẹ.

Ẹ̀kẹta, ọ̀dà funfun tàbí èyí tí ó mọ́lẹ̀ ni kí ẹ fi kùn ún. Àwọ̀ dúdú ń fa ooru, funfun ń dá a padà.

Ẹ̀kẹrin, ẹ fi àwọ̀n ẹ̀fọn kan ojú fèrèsé láti inú. Ní ọdún 1897 ni Ronald Ross fi hàn ní Íńdíà pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé kòkòrò ibà. Ní ọdún 1900, àwọn oníṣègùn méjì, Louis Sambon àti George Low, lọ gbé nítòsí Róòmù, níbi tí ibà pọ̀ sí. Wọ́n fi àwọ̀n bo fèrèsé àti ilẹ̀kùn, wọ́n sì ń wọlé kí oòrùn tó wọ̀. Ibà kò mú wọn.

Ẹ̀karùn-ún, bí fèrèsé bá kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ẹ fi ẹní kọ́ síta níwájú rẹ̀ ní ọ̀sán. Rìdó inú ilé kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ooru ti gba dígí kọjá kí rìdó tó dá a dúró. Fún rìdó náà, ìró àtijọ́ tí a tún rẹ sínú aró ti tó ẹ̀ṣọ́.

Ẹ̀kẹfà, ẹni tí ó bá ní ti oníkùn, tí àwọn abala rẹ̀ ṣẹ́ láàárín, kí ó yọ èyí tí ó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, kí ó fi rọ́pò rẹ̀. Yóò kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n yóò ṣiṣẹ́. Kí ó so okùn rẹ̀ sókè, nítorí okùn tí ó gùn lè fún ọmọ kékeré lọ́rùn pa.

Ẹ̀yin ará wa, kò sí ẹni tí ó ní kí a má ra ohun tuntun. Ẹni tí ó ní owó, kí ó rà á. Ṣùgbọ́n bí a bá ń yọ gbogbo fèrèsé onípákó dànù, iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ àwọn káfíńtà wa, ọmọ wọn kò sì ní í mọ bí a ti ń to pákó kí ó dagun. Ooru yóò wà nínú ilé, owó yóò sì ti lọ sí òkè òkun. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ lọ sí òde. Kí oníkálukú kọ́kọ́ wo fèrèsé ilé rẹ̀ dáadáa, kí ó tó mú òòlù.